Egungun tó ń lọ nídìí implant: kí ló fà á, ṣé dandan ni kí wọ́n yọ ọ́?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, dókítà. Tísà tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, ẹni ọdún 61, Abẹ́òkúta ni mo ń gbé. Nígbà tí mo lọ kí ọmọ mi lókè òkun ní 2018, wọ́n rì implant méjì, ìyẹn gbòǹgbò eyín onírin tí wọ́n ń rì sínú egungun láti gbé eyín àtọwọ́dá dúró, sí ìsàlẹ̀ ẹnu mi lápá ọ̀tún, nítorí eyín ibẹ̀ mì títí wọ́n fi yọ wọ́n. Kò dùn mí rí. Mo ń fi jẹ ẹran, mo ń fi jẹ obì. Ní oṣù tó kọjá mo lọ fọ eyín, dókítà ibẹ̀ ya X-ray, ó ní egungun ti lọ nídìí méjèèjì, pé ti ọ̀kan ju ti èkejì lọ, kí n jẹ́ kí wọ́n yọ wọ́n. Mo ní àtọ̀gbẹ. Sìgá, mo ti fi sílẹ̀ tipẹ́. Ṣé ẹni tó ṣe é ni kò ṣe é dáadáa, àbí èmi ni mo fọwọ́ ara mi fà á? Ṣé kí n yọ wọ́n?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá. Ẹ má tíì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ nǹkan kan. Mi ò sọ pé dókítà yín parọ́. Ó ṣeé ṣe kí ohun tó rí rí bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Ṣùgbọ́n X-ray kan ṣoṣo, tí wọ́n yà ní ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn iṣẹ́, kò lè sọ bóyá egungun náà ṣì ń lọ, tàbí ó lọ ní ọdún àkọ́kọ́ tó sì dúró jẹ́ẹ́ láti ìgbà náà. Ọ̀tọ̀ ni èyí, ọ̀tọ̀ ni ìyẹn. Ẹni tí egungun rẹ̀ lọ díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ tí kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ kò nílò iṣẹ́ abẹ rárá. Ẹni tí tirẹ̀ ń lọ lọ́wọ́ nílò ìtọ́jú kíá. Nítorí náà, kí a tó máa wá ẹni tó jẹ̀bi, ẹ wá X-ray tí wọ́n yà nígbà tí wọ́n fi crown, ìyẹn eyín àtọwọ́dá tí ojú ń rí, sórí implant yín. Ẹ ní kí ọmọ yín kọ̀wé sí ilé ìtọ́jú tó ṣe é. Wọ́n sábà máa ń tọ́jú irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà, kò sì burú kí ẹ béèrè ẹ̀dà tiyín.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí kò fi dùn yín. Eyín tí a bí mọ́ wa kò lẹ̀ mọ́ egungun tààrà. Okùn tín-ín-rín ló so ó rọ̀ sínú ihò rẹ̀, inú okùn wọ̀nyẹn náà ni ìmọ̀lára wà, òun ló ń jẹ́ ká tètè mọ̀ tí òkúta wẹ́wẹ́ bá wà nínú ìrẹsì. Implant kò ní okùn kankan. Titanium, irú irin kan, ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe é, egungun sì máa ń hù mọ́ titanium lára láìsí ohunkóhun láàárín wọn. Per-Ingvar Brånemark, oníṣègùn ará Swídìn, ló ṣàkíyèsí èyí ní àwọn ọdún 1950, nígbà tó ń fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi titanium ṣe wo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń ṣàn nínú egungun ehoro. Nígbà tó fẹ́ yọ ẹ̀rọ náà kúrò, kò ṣeé yọ. Ní 1965 ó fi í sí ẹnu aláìsàn àkọ́kọ́, Gösta Larsson, ọkùnrin yẹn sì ń fi jẹun títí tó fi kú ní 2006.

Àǹfààní ibẹ̀ ni pé implant máa ń dúró gbọn-in. Ewu ibẹ̀ náà nìyẹn. Ẹ wo òpó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ tí ọ̀gbàrá ń wọ́ yẹ̀pẹ̀ ìdí rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀: níwọ̀n ìgbà tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ṣì wà nínú ilẹ̀, kò ní mì, ẹni tó ń kọjá kò sì ní fura. Implant tí egungun rẹ̀ ti lọ dé ìdajì ṣì lè jẹ ẹran dáadáa. Nítorí náà, pé ẹ ń fi jẹ obì kò fi ohunkóhun hàn. Tó bá di ọjọ́ kan tí ó mì, ọ̀kan nínú nǹkan méjì ni: bóyá skúrù tó di crown mú ló tú, èyí tí wọ́n lè fún padà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, tàbí kí implant fúnra rẹ̀ ti já kúrò lára egungun, ìyẹn kò sì ní àtúnṣe mọ́ ju kí wọ́n yọ ọ́. Mo ti rí ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ implant rẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé skúrù lásán ló tú, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Egungun díẹ̀ máa ń lọ nídìí implant ọ̀pọ̀ ènìyàn. Nígbà tí Tomas Albrektsson àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìlànà kalẹ̀ ní 1986 nípa implant tí a lè pè ní àṣeyọrí, wọ́n ní lẹ́yìn ọdún kìn-ín-ní, egungun tó ń lọ kò gbọdọ̀ tó 0.2 mìlímítà lọ́dún kan. Wọ́n yọ ọdún kìn-ín-ní sọ́tọ̀ nítorí wọ́n mọ̀ pé mìlímítà kan tàbí kí ó lé díẹ̀ lè lọ kí ara tó fara mọ́ àlejò. Àwọn implant tó ń jáde nísinsìnyí ń ṣe dáadáa ju ti ìgbà náà lọ, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn ṣì wúlò fún yín: tí wọ́n bá wọn tiyín tó jẹ́ mìlímítà kan àbọ̀ lẹ́yìn gbogbo ọdún wọ̀nyí, tí erìgì ibẹ̀ kò sì ṣẹ̀jẹ̀, èmi ò ní fọwọ́ kàn án. Tó bá jẹ́ mẹ́rin, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀. Ẹ kò kọ iye mìlímítà sínú ìwé yín, ó sì jọ pé wọn kò sọ ọ́ fún yín. Ẹ padà lọ béèrè. "Egungun ti lọ" kò tó ọ̀rọ̀ tí a fi ń yọ implant.

Ohun tó ń fa ti ọdún kìn-ín-ní, ọwọ́ oníṣẹ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Tí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lu egungun bá gbóná jù, egungun á kú: ìwádìí tí Eriksson àti Albrektsson ṣe ní 1983 fi hàn pé 47°C fún ìṣẹ́jú kan péré ti tó láti bà á jẹ́. Ìdí nìyẹn tí omi fi ń tú sí yín lẹ́nu ní gbogbo ìgbà tí wọ́n ń lù ú. Tí implant méjì bá fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kanra, tí àárín wọn kò tó mìlímítà mẹ́ta, egungun tó wà láàárín á rẹlẹ̀, nítorí èyí tó lọ lára ọ̀kan á pàdé èyí tó lọ lára èkejì. Tí wọ́n bá rì í síta jù, sí ọ̀nà ẹ̀rẹ̀kẹ́, ògiri egungun tó kù níwájú rẹ̀ á tín-ín-rín, kò sì ní pẹ́ yọ́. Erìgì náà ní ìwọ̀n tó ń fẹ́. Láti di ẹnu ibẹ̀ pa kí kòkòrò má bàa wọlé, ara ń fẹ́ erìgì tó ga tó nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta lórí egungun. Tí kò bá rí i, á gé nínú egungun láti fi wá àyè fún un. Tomas Linkevicius, dókítà ará Lituéníà, ti ṣiṣẹ́ púpọ̀ lórí èyí, ó sì fi hàn pé níbi tí erìgì bá fẹ́lẹ́, tí kò tó mìlímítà méjì, egungun máa ń lọ ju ibi tó nípọn lọ láàárín ọdún kan.

Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín nínú ìtàn yìí ni ti apá òkè tí wọ́n ń fi skúrù dè mọ́ implant. Oríkèé tó wà láàárín àwọn méjèèjì ní àlàfo tí ojú kò lè rí, kòkòrò sì ń gbé inú rẹ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, implant tó fẹ̀ jáde, ṣùgbọ́n apá òkè tó bá fífẹ̀ rẹ̀ mu kò tíì sí lọ́jà, ni àwọn dókítà bá ń fi èyí tó kéré sí i lò ó ná. Nígbà tí wọ́n yẹ X-ray wò lẹ́yìn ọdún mélòó kan, egungun ibẹ̀ kò lọ tó ti àwọn tó dọ́gba, torí àlàfo náà ti sún sí àárín, ó jìnnà sí egungun. Lazzara àti Porter kọ ọ́ jáde ní 2006, ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ sì ń ṣe implant wọn bẹ́ẹ̀ lónìí. Àìtó ẹrù ni wọ́n fi mọ̀ ọ́n.

Ṣùgbọ́n bàbá, tiyín ti kọjá ọdún kìn-ín-ní tipẹ́, gbólóhùn kan sì wà nínú ìwé yín tí mo padà sí: ẹ ní eyín ibẹ̀ mì títí wọ́n fi yọ wọ́n. Eyín àgbàlagbà kì í ṣàdédé mì. Tí ẹnikẹ́ni kò bá gbá a, àrùn erìgì ló sábà máa ń wà nídìí rẹ̀, ìyẹn èyí tó ń mú kí erìgì ṣẹ̀jẹ̀, kí ẹnu rùn, kí egungun máa sá lẹ́yìn eyín lọ́dọọdún. Wọ́n yọ eyín, àmọ́ àrùn náà kò bá eyín jáde. Kòkòrò rẹ̀ ṣì wà lára àwọn eyín tó kù, wọ́n wà nínú itọ́, wọ́n wà lórí ahọ́n. Bí ara yín ṣe ń bá wọn jà kò sì yí padà. Nítorí kì í ṣe kòkòrò ló ń jẹ egungun. Ara wa fúnra rẹ̀ ló ń fa egungun sẹ́yìn nígbà tí ìjà bá ti sún mọ́ ọn jù. Ara tó ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí eyín á tún ṣe bẹ́ẹ̀ nídìí implant.

Àìsàn náà ní ìpele méjì. Ní ìpele àkọ́kọ́, erìgì nìkan ló ń ṣàìsàn: ó pọ́n, ó wú, ó ń ṣẹ̀jẹ̀ tí a bá fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n egungun ṣì wà níbi tó wà. Èyí ṣeé wò sàn. Ní ìpele kejì, egungun ti bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Ẹ rántí okùn tí mo ní implant kò ní. Nídìí eyín gidi, àwọn okùn wọ̀nyẹn wọ inú gbòǹgbò lọ, wọ́n sì ń dá àìsàn dúró díẹ̀ kó tó dé egungun. Nídìí implant, ńṣe ni erìgì kàn rọ̀gbà yí irin ká, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ náà kò pọ̀ tó ti ìdí eyín. Ìdí nìyẹn tí àìsàn ibẹ̀ fi ń yára, tó sì máa ń yára sí i bó bá ṣe ń pẹ́. Ó wọ́pọ̀ gan-an: nínú ìwádìí tí Jan Derks àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Swídìn ní 2016, wọ́n yẹ àwọn ènìyàn tó sún mọ́ 600 wò ní bíi ọdún mẹ́sàn-án lẹ́yìn iṣẹ́, tí àìsàn náà sì ti le díẹ̀ tàbí le gan-an lára 14.5 nínú ọgọ́rùn-ún wọn.

Ní 2017, ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn erìgì Amẹ́ríkà àti ti Yúróòpù pe àwọn amòye jọ sí Chicago láti fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Nǹkan mẹ́ta ni wọ́n fọwọ́ sọ̀yà lé lórí pé ó ń kó implant sí wàhálà: kí ènìyàn ti ní àrùn erìgì tó le rí, kí ìdí implant má mọ́, kí aláìsàn má padà wá fún àyẹ̀wò àti fífọ̀. Sìgá àti àtọ̀gbẹ ńkọ́? Wọ́n ní ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ nígbà náà kò tíì ṣọ̀kan. Ó máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu, nítorí àtọ̀gbẹ ni gbogbo wọn kọ́kọ́ ń dá lẹ́bi.

Èrò tèmi ni pé àtọ̀gbẹ tó wà níkàáwọ́ kì í pa implant, èyí tí kò sí níkàáwọ́ ló ń dá kún un: ọgbẹ́ kì í tètè jinná, erìgì á sì máa wú ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ mú èsì HbA1c yín lọ bá dókítà eyín. Ìyẹn ló ń sọ bí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ti rí láti bíi oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Èyí tí ẹ fi ìka yẹ̀ wò láàárọ̀ kò tó. Lórí sìgá, ẹ ṣeun tí ẹ fi sílẹ̀. Ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ inú erìgì dínkù, ó tún ń bo àmì mọ́lẹ̀, torí erìgì ẹni tó ń mu sìgá kì í ṣẹ̀jẹ̀ tó bó ṣe yẹ kó ṣẹ̀ bí àìsàn tilẹ̀ wà níbẹ̀.

Ohun kẹta tí wọ́n sọ ní Chicago, ìyẹn pípadà wá, ni mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn sí jù. Fernando Costa àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bràsíl tọ àwọn ènìyàn kan lẹ́yìn fún ọdún márùn-ún, àwọn tí erìgì ìdí implant wọn ti ń ṣàìsàn ṣùgbọ́n tí egungun wọn kò tíì lọ. Nínú àwọn tó ń padà wá déédéé kí wọ́n bá wọn fọ̀ ọ́, ti 18 nínú ọgọ́rùn-ún ló dé egungun. Nínú àwọn tí kò wá, ó lé ní 43. Bàbá, ẹ ní oṣù tó kọjá lẹ lọ fọ eyín. Kí ìyẹn tó dé, ìgbà wo lẹ ti lọ kẹ́yìn? Tí ẹni tó ṣe iṣẹ́ náà kò bá sọ fún yín pé ẹ gbọ́dọ̀ máa padà sọ́dọ̀ dókítà eyín ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́fà-mẹ́fà, tí kò sì wo àrùn erìgì yín sàn kó tó rì implant, ẹ̀bi rẹ̀ nìyẹn, ó sì wúwo ju bóyá ó fi ọwọ́ tó mọ́ lu egungun lọ. Tó bá sọ ọ́ tí ẹ kò lọ, ẹ mọ ohun tí mo fẹ́ wí.

Fífọ̀ ilé ńkọ́? Pákò ń fọ ojú eyín dáadáa, orín àtà náà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n crown orí implant fẹ̀ ju irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lọ, abẹ́ rẹ̀ tẹ̀ wọlé, ibẹ̀ ni ìdọ̀tí ń sá sí. Pákò kò lè débẹ̀, búrọ́ọ̀ṣì lásán náà kò lè débẹ̀ tán. Búrọ́ọ̀ṣì kékeré tín-ín-rín tí wọ́n ń tì bọ àárín eyín ni ẹ nílò, èyí tí wọ́n fi ike bo wáyà àárín rẹ̀, kí ẹ mú ìwọ̀n tó fún díẹ̀ láti wọlé. Ẹ tì í láti ọ̀dọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ tún tì í láti ọ̀dọ̀ ahọ́n, lálaalẹ́ kí ẹ tó sùn. Tó bá ṣẹ̀jẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ má torí ẹ̀jẹ̀ dáwọ́ dúró. Tí kò bá sí ibi kankan tó lè gbà wọlé, a jẹ́ pé wọ́n mọ crown náà kò dáa, ó sì yẹ kí wọ́n gé abẹ́ rẹ̀ tàbí kí wọ́n ṣe òmíràn. Mo ka èyí sí ọ̀kan nínú àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù: eyín tó rẹwà lójú àmọ́ tí olówó rẹ̀ kò lè fọ̀. Igi ìtayín, ẹ jẹ́ kó máa gbé inú páálí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ símẹ́ńtì náà wà níbẹ̀. Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà de crown mọ́ implant, skúrù tàbí símẹ́ńtì. Ẹ gbé dígí sẹ́nu kí ẹ wo orí àwọn eyín náà níbi tí ẹ fi ń lọ oúnjẹ: tí ẹ bá rí ojú kékeré roboto kan tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ díẹ̀, skúrù wà lábẹ́ rẹ̀. Tí kò bá sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ símẹ́ńtì. Símẹ́ńtì tó bá rọ́ sábẹ́ erìgì tí wọn kò kó tán á di ibùgbé fún kòkòrò, ó sì lè pẹ́ níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún kí erìgì tó fi í sùn. Thomas Wilson, oníṣègùn erìgì ará Amẹ́ríkà, fi kámẹ́rà tín-ín-rín wo abẹ́ erìgì àwọn implant tó ń ṣàìsàn, ó sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2009: ó bá símẹ́ńtì nínú bíi mẹ́rin nínú márùn-ún wọn. Nígbà tó kó o kúrò, èyí tó pọ̀ jù lára wọn ló san. X-ray kì í sábà fi í hàn, pàápàá tó bá wà ní ọ̀dọ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ tàbí ọ̀dọ̀ ahọ́n, níbi tí irin fúnra rẹ̀ ti ń dí i. Nítorí pé ẹ ní egungun ọ̀kan lọ ju ti èkejì, èyí ni mo máa kọ́kọ́ wá tó bá jẹ́ èmi ni mo jókòó tì yín.

Wọ́n á tún sọ fún yín pé jíjẹ nǹkan líle ló fà á. Èmi ò gbà á tó bẹ́ẹ̀. Nídìí implant tí erìgì rẹ̀ le koko, ẹ̀rí pé ẹrù jíjẹ nìkan ń mú egungun lọ kò lágbára. Ohun tí fífọ́ egungun ẹran àti pípa eyín keke lójú orun ń ṣe jù ni pé wọ́n ń tú skúrù, wọ́n ń ṣẹ́ ẹ, wọ́n ń la crown. Ẹ dẹ̀rọ̀ lórí egungun ẹran, ṣùgbọ́n ẹ máa jẹ obì yín.

Oògùn tí ẹ ń lò, ẹ kó gbogbo rẹ̀ dání lọ. Èyí tí wọ́n ń fún àwọn tí egungun wọn ti fẹ́lẹ́, tàbí àwọn tí jẹjẹrẹ ti wọ egungun wọn, ṣe pàtàkì jù, nítorí ẹni tó ń gba irú rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ kí wọ́n ṣàdédé yọ nǹkan lẹ́nu òun. Egungun àgbọ̀n lè kọ̀ kó má jinná.

Nísinsìnyí, ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀ yíyọ. Kí wọ́n fi irin wíwọ̀n tín-ín-rín tọ ìdí implant yíká, ibi mẹ́fà ó kéré tán, pẹ̀lú ọwọ́ fífúyẹ́, kí wọ́n kọ nọ́ńbà ibì kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n dúró díẹ̀ kí wọ́n wò ó. Níbi tó dáa, erìgì á kàn wà bó ṣe wà. Níbi tí kò dáa, ẹ̀jẹ̀ á rọra jáde títí á fi yí ìdí irin ká, nígbà mìíràn ọyún á tẹ̀ lé e tí wọ́n bá fi ìka tẹ ìta erìgì. Níbi tí kò bá sí X-ray àtijọ́ rárá, ìlànà Chicago ni pé kí jíjìn ibẹ̀ tó mìlímítà mẹ́fà, kí egungun ti lọ sílẹ̀ tó mìlímítà mẹ́ta, kí ẹ̀jẹ̀ tàbí ọyún sì wà níbẹ̀ kí a tó pè é ní àìsàn egungun. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni o. Bí egungun bá lọ sílẹ̀ láìsí ẹ̀jẹ̀, láìsí ọyún, kò tíì tó.

X-ray fúnra rẹ̀ máa ń tan ni jẹ. Ẹ ní kí wọ́n fi tiyín hàn yín. Implant ní ìlà skúrù lára, bó bá ṣe yẹ ni wọ́n yà á, ìlà náà á hàn kedere lápá òsì àti lápá ọ̀tún. Tí apá kan bá ṣú pọ̀, a jẹ́ pé wọ́n gbé ẹ̀rọ náà ní ìdàgẹ̀rẹ̀, mìlímítà tí wọ́n bá kà lára rẹ̀ kò ṣeé gbára lé. Kí wọ́n tún un yà. Gígùn implant, bíi mìlímítà 10, ni wọ́n á fi ṣe rúlà láti wọn èyí tó lọ. Kí ẹ tún wo bí ihò náà ṣe rí. Tí egungun bá lọ yíká bí àwo kòtò, àìsàn kòkòrò ni mo máa fura sí. Tó bá lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, mo máa wá símẹ́ńtì, mo máa wo oúnjẹ tó ń há síbẹ̀, mo máa wo eyín tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Tó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ pátápátá, ní ẹnu irin, ọ̀rọ̀ mìíràn ni, ó sì lè ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ iṣẹ́.

Tó bá jẹ́ pé àìsàn ni lóòótọ́, fífọ abẹ́ erìgì ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n yọ crown náà tó bá ṣeé yọ, kí ọwọ́ lè débẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí méjìlá, kí wọ́n tún un wọ̀n. Tí ẹ̀jẹ̀ bá dá tí jíjìn rẹ̀ sì dínkù, ẹ ti bọ́. Tí kò bá dá, wọ́n á ṣí erìgì, wọ́n á fọ ojú irin mọ́, tí ihò náà bá jìn tó sì ní ògiri, wọ́n lè fi egungun kún un. Kò sí dókítà tó lè ṣèlérí fún yín pé egungun á padà sí bó ṣe wà ní 2018. Kó dúró níbi tó dé ni a ń wá. Yíyọ wá kù fún èyí tó ń mì, tàbí èyí tí egungun rẹ̀ ti lọ ju ìdajì lọ tí ìtọ́jú kò sì ràn án. Ẹ má sì lọ sí kẹ́míìsì lọ ra Ampiclox tàbí Flagyl sí i. Ìlànà tí ẹgbẹ́ oníṣègùn erìgì Yúróòpù gbé jáde ní 2023 kò fọwọ́ sí oògùn apakòkòrò tí ènìyàn ń gbé mì pẹ̀lú irú fífọ̀ yìí. Oògùn kì í kó símẹ́ńtì, kì í sì í há èérí kúrò lára irin.

Láti Abẹ́òkúta, ẹ lè dé ẹ̀ka ìtọ́jú eyín ní UCH ní Ìbàdàn tàbí LUTH ní Ìdí-Àràbà láàárọ̀ ọjọ́ kan kí ẹ padà sílé lọ́jọ́ náà. Ẹ bi wọ́n léèrè oníṣègùn erìgì ní pàtó. Nígbà tí ẹ bá ń kọ̀wé sókè òkun fún X-ray àtijọ́, ẹ má ṣe gbàgbé káàdì implant: bébà kékeré tí wọ́n kọ orúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, ìbú rẹ̀, gígùn rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀ sí. Irin tí wọ́n fi ń tú skúrù ilé iṣẹ́ kan kì í sábà wọ ti òmíràn, dókítà tí kò bá sì mọ èyí tó wà lẹ́nu yín kò ní lè ṣí i láìbà á jẹ́. Tí wọ́n bá fi ránṣẹ́, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù, kí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ọmọ yín náà.